Òwú Dúdú Inú Basement

Orí ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà má rẹ́rìn-ín, máa kọ ọ́ lọ. Bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kí o kọ ọ́. Èmi ò kàwé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ojú mi rí.

Onídìrí ni mí. Kí n tó bí bàbá rẹ rárá ni mo ti ń fi òwú kó irun fún àwọn obìnrin ní ẹ̀bá Òrè, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan tó wà níwájú ilé bàbá mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun gùn, kí ó sì nà dáadáa, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá. Nígbà tí mo wá bá yín ní Calgary, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ìwọ nígbà náà, orí tìrẹ nìkan ló kù tí mò ń kó. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, wàá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi níwájú fèrèsé bí o ṣe jókòó yìí. Èmi á máa kó o, ìwọ á máa sunkún lédè òyìnbó.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ọdún tí owó epo já lulẹ̀. Ní Cityscape tí à ń gbé, kò dìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún èèyàn kó tó mọ̀. Tẹ́lẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, gbogbo ọkọ̀ iwájú ilé ti lọ nìyẹn. Lọ́dún yẹn, ọkọ̀ ò kúrò mọ́. Snow á bò ó, kò sì ní sí ẹni tó máa gbọ̀n ọ́n dànù. Wọ́n gbé pátákó pé ilé wà fún títà síwájú ilé mẹ́rin ní òpópó wa nìkan. Àwọn ọkùnrin tí mo mọ̀ pé iṣẹ́ epo ni wọ́n ń ṣe, àwọn ló wá ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí daycare láàárọ̀.

Bàbá rẹ náà wà lára wọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe páìpù epo ló wà, páìpù tí kì í ṣe irin, tí wọ́n ń fi òwú líle wé, tí wọ́n á fi gúlúù mú un kó le gbagidi. Ó ti lo ọdún méje níbẹ̀ kí wọ́n tó pè é sínú yàrá kan lọ́jọ́ kan, tí wọ́n fún un ní páálí, tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀. Ó wọ train dé Marlborough, ó wọ bọ́ọ̀sì wálé, páálí wà lórí itan rẹ̀. Ife tíì kan, fọ́tò rẹ, àti bàtà iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ sí basement, kò sì tú u.

Oṣù mọ́kànlá ló fi jókòó sílé. Ìyàwó mi, ìyẹn ìyá rẹ, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tó wà ní Sunridge. Ó ń gba iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Ọmọ mi ń kọ lẹ́tà kiri, wọn ò dá a lóhùn. Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun á padà sí Èkó, pé ọ̀rẹ́ òun kan lè rí iṣẹ́ fún òun níbẹ̀, kí ẹ̀yin dúró síbí kí ilé-ìwé má bàa dàrú.

Mo bi í pé, "Fún ìgbà wo?"

"Ọdún kan péré, Mọ́mì."

"Bí bàbá tó bí ọ ṣe sọ nìyẹn nígbà tó ń lọ sí Sàpẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀. Nígbà tó dé, o bi mí pé ta ni bàbá yìí."

 Ó dìde, ó lọ gbọn snow ara ọkọ̀ tí kò fẹ́ gbé lọ síbì kankan.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá rí iṣẹ́ ní Calgary, ilé wa máa pín sí méjì. Mo fẹ́ kó yé ọ kí n tó sọ ìyókù.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ló wá pè é níkẹyìn. Wọ́n ń fi òwú wé nǹkan gígùn kan bí àgbá, orí rẹ̀ rí roboto. Òwú náà ń yọ̀ kúrò níbi tí ara rẹ̀ ti ń tín-ín-rín lọ sókè, kò dúró. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti bá tirẹ̀ lọ. Nítorí pé ọmọ mi ti wé páìpù rí, wọ́n ní kó wá fún oṣù mẹ́ta. Bí ó bá lè mú òwú yẹn dúró, tí wọ́n sì dán an wò tó yege, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá yege, ó dàárọ̀.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń fi àgbá ọ̀hún ṣe?"

Ó ní, "Bíi sílíńdà gáàsì ni, Mọ́mì."

Mi ò bi í mọ́. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ìdúpẹ́ jáde, mo jáde. Mo ní kí ẹ bá mi yin Olúwa, ọmọ mi ti ríṣẹ́, sílíńdà gáàsì ló ń ṣe. Wọ́n pariwo halelúyà. A ò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí obìnrin mẹ́ta fi yí mi ká.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo fi ń dáná ẹran lẹ́yìnkùlé ń jò."

"Tèmi kékeré ni mo fẹ́, Mama. Èyí tí kò wúwo."

Ọmọ mi gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé. "Mọ́mì, ta ló ní kí ẹ sọ fún wọn?"

"Ọlọ́run ni mo sọ fún. Àwọn ló wà níbẹ̀."

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi ṣomi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò rọrùn. Bó bá ti dé láti ibẹ̀, basement ló ń gbà lọ. Ó ti ra òwú irú rẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń fi wé ike mílíìkì àti ìgò omi ọsàn, kí ó lè rí bí yóò ṣe dúró. Mo máa ń gbọ́ ìgò náà tó ń yí gbirigbiri lórí tábìlì, lẹ́yìn náà màá gbọ́ "Ah-ah!", mo mọ̀ pé ó tún ti yọ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Ní Sátidé kan, òwú irun tí mo kó wá láti ilé tán lọ́wọ́ mi, ìdajì orí rẹ ló sì kù. Bàbá rẹ ti jáde lọ ra nǹkan. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement láti wò ó bóyá mo ní òmíràn nínú àpótí mi. Mo rí òwú kan tí wọ́n ká mọ́ páálí roboto kan, dúdú, ó ń dán. Inú mi dùn. Mo ní àwọn òyìnbó náà ti ń kó irun báyìí.

Òwú náà burú. Ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Bí mo bá ṣẹ́ ẹ kọ́rọ́, á fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni òwú máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo fi eyín tó kù lẹ́nu mi di ìdí rẹ̀ mú, mo rọra ń tú u sílẹ̀, mo sì kó ìdajì tó kù títí dé ṣóńṣó. Ó dúró ṣinṣin. Ó dán ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ìwọ náà wo dígí, o ní, "Grandma, this side is prettier."

Ní Monday, ilé-ìwé pè. Wọ́n ní ọrùn rẹ pọ́n, pé o ń họ ara bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Bàbá rẹ lọ mú ọ. Bó ṣe wọlé ló fà ọ́ síbi ìmọ́lẹ̀, ó wo orí rẹ, ó wò mí.

"Mọ́mì! Òwú yẹn kì í ṣe ti irun! Dígí ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dígí!"

"Ó dúdú, òwú sì ni. Kí ló kù?"

"Ó ń gún ọmọ lára!"

"Ṣé èmi ni mo gbé e síbi tí mo ti lè rí i ni?"

Ó ti mú àlùmọ́gàjí tí ó fẹ́ fi gé e. Ni ó bá dúró. Ó di ṣóńṣó irun kan mú, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó fà á. Kò yọ̀. Ó fa òmíràn. Ìwọ kígbe.

"Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mú un dúró níbí?"

"Níbo?"

"Níbi tó ti tín-ín-rín yìí."

Mo ní kó kọ́kọ́ tú orí rẹ fún mi. Ó tú u, ìyá rẹ sì fi òróró pa ọrùn rẹ. Lẹ́yìn náà ni èmi àti ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìgò ọsàn fún mi. Mo ní kó wé e kí n wò ó. Ó wé e dé ọrùn ìgò, ó ń yí òwú po ọrùn náà roboto, òwú sì yọ̀ wálẹ̀.

Mo ní, "O ń fi agbára mú un. Ibẹ̀ ti ń tín-ín-rín, ìwọ sì ní kó máa yí po bí ẹni pé kò sí nǹkan tó yí padà. Má yí i po. Jẹ́ kó dagun, kó gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kọjá, kó sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Ibi tí òwú fúnra rẹ̀ bá fẹ́ gbà ni kó gbà. Ìwọ ṣáà má jẹ́ kí ó dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Bó ṣe le níbẹ̀rẹ̀ ni kó le níparí."

"Eyín ni ẹ fi ń mú un?"

"Kí ni ìwọ fi ń mú un?"

"Ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ yín kò léyín tó."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ basement, ó ń wo ọwọ́ mi bí ìgbà tó wà ní kékeré. Mo wé e fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya fọ́tò, ó fi ìwé wọn ọ̀nà tí òwú gbà. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń ṣe ìṣirò. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ibi iṣẹ́ pè mí, èyí tí kì í ṣe. "Mọ́mì, ó dúró." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

O mọ̀ pé ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí ẹnikẹ́ni tó jáde, mo máa ń gbé ọwọ́ lé yín lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń dárúkọ iṣẹ́ tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Abẹ́rẹ́ tí ìyá rẹ ń gún, kó máa wo aláìsàn sàn. Pẹ́ńsù tí o fi ń kọ̀wé, kó má ṣìnà. Ní ti bàbá rẹ, ohun tí mò ń sọ lóṣù méjèèjì yẹn ni pé, "Sílíńdà tí o bá wé, kò ní jò, kò ní bẹ́." Yóò ní "Àmín," ṣùgbọ́n kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni, bí ẹni tí ọ̀fun ń dùn. Mo rò pé òtútù ló mú un.

Oṣù kẹta iṣẹ́ náà dé. Ó ní ọ̀la ni àwọn máa wọ bàlúù lọ sí pápá kan tó jìnnà, kí àwọn lọ dán nǹkan náà wò. Bó bá ṣe dáadáa, iṣẹ́ di tirẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù lọjọ́ náà bọ́ sí. Gbogbo wa wà ní kíṣìnnì, ilẹ̀ ti mọ́, ọkọ̀ ti ń gbóná níta. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì rí i pé ewú ti bò ó láàárín oṣù mọ́kànlá yẹn.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ni nǹkan bá sọ sí mi lọ́kàn.

"Ọkọ mi, sílíńdà gáàsì wo ni wọ́n ń wọ bàlúù lọ dán wò ní pápá?"

 Ìyá rẹ kọjú sí síǹkì, ó ń fọ ife tó ti mọ́.

"Mọ́mì, kì í ṣe sílíńdà."

"Mò ń gbọ́."

"Misáìlì ni. Ara rẹ̀ ni èmi ń wé, ibi tí iná á ti máa jó nínú rẹ̀ tó máa fi gbéra. Kékeré ni. Kì í lọ jìnnà. Ti àwọn sójà ni."

"Kì í lọ jìnnà, tó báwo?"

"Ká sọ pé wọ́n jù ú láti Ìbàdàn, ó lè dé..." Ó dánu dúró, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti sáré jù ú lọ. "Ó lè dé Òrè."

Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. O ní, "Daddy, like a rocket? That's so cool."

Ìyá rẹ ní, "Go and wear your boots."

Mo ti sọ fún ọ rí nípa ọdún ogun ní Òrè, ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbí náà. Obìnrin kan tó ń ta iyọ̀ jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti kó ìdajì orí rẹ̀. Nǹkan kan bọ́ láti òkè sí ẹ̀bá títì. A ò gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó balẹ̀. Ìgbà tó balẹ̀ la gbọ́. Ó dìde, ìdajì orí rẹ̀ wà ní kíkó, ìdajì kejì dúró gangan sókè, ó bá àwọn èèyàn sá wọ igbó. Èmi náà sá, òwú wà lẹ́nu mi. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun ò padà. Àwọn kan ní ó gba ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀. Òòyà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi di ọdún tí mo kúrò nílé.

Bàbá rẹ mọ ìtàn yìí. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìdí tí mi ò fi sọ nìyẹn, Mọ́mì."

"O jẹ́ kí n lọ fi sílíńdà dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ̀yin lẹ sáré jáde. Ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbi tí inú ti ń bí mi.

Mo ní, "Báwo ni kí n ṣe gba àdúrà rẹ̀? Àdúrà tí mo mọ̀ sí iṣẹ́ kò ju pé kí ohun tí èèyàn bá ṣe máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Bí mo bá ní kí èyí ṣe é, orí ta ni ó máa já lé? Bí mo bá ní kó má ṣe é, ìwọ ló máa wọ bàlúù lọ sí Èkó."

"Mi ò lè lọ láìgba àdúrà yín."

"Mo mọ̀. Dákẹ́ kí n ronú."

Mo ronú. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ lójú kan náà. Ọkọ̀ ń kùn níta. Ìyá rẹ ti pa omi.

"Pápá tí ẹ fẹ́ jù ú sí yẹn, ṣé èèyàn wà níbẹ̀?"

"Kò sí, Mọ́mì. Màlúù pàápàá, wọ́n á ti lé e kúrò."

"Ó dáa." Mo pa ojú dé. "Olúwa, ohun tí ọmọ mi wé, tí èmi náà fi eyín mi kọ́ ọ bó ṣe máa wé e, má jẹ́ kó tú lójú ọ̀nà. Kó gòkè, kó sì já síbi tí ẹnì kankan ò sí. Ẹnì kankan, Olúwa. Àní ẹni tó kàn lọ ṣa igi pàápàá."

"Àmín!" Ti ọjọ́ yẹn dún. Ìyá rẹ náà ṣe tirẹ̀.

Ọjọ́ kẹrin ló dé, ní ọ̀sán Friday. Oòrùn ti sun ún nímú. Kò tíì bọ́ kóòtù tó fi ní, "Mọ́mì, àdúrà yín gbà. Ó já síbi tí a fẹ́ gan-an. Òwú ò tú." Wọ́n ti fún un ní ìwé pé iṣẹ́ di tirẹ̀. Ìyá rẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó sùn síbẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement. Nígbà tó gòkè wá, ife tíì inú páálí yẹn ló mú dání. Ó fọ̀ ọ́, ó sì fi mu tíì.

Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọmọ mi ò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé pápá kọ́ ni wọ́n á máa jù ú sí títí láé.

Nígbà tí oṣù tuntun tún dé, ó kúnlẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Mo ní kó dá mi lóhùn ná.

"Àwọn tí o ń wé báyìí, níbo ni wọ́n ń lọ?"

"Wọ́n lè má lọ síbì kankan, Mọ́mì. Àwọn tó rà á á kó o sínú ilé ìpamọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í kúrò níbẹ̀ títí á fi gbó."

"Ó máa ń gbó?"

"Ó ní iye ọdún tó máa lò. Tó bá ti pé, kò ṣeé jù mọ́. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á ra òmíràn."

"Ha! Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní, "Olúwa, gbogbo èyí tí ọmọ mi bá wé, jẹ́ kí wọ́n rà á. Jẹ́ kí wọ́n kó o pamọ́. Jẹ́ kí ó gbó síbẹ̀. Kí eku fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe títì, kí aláǹtakùn takùn sí i lẹ́nu. Bó bá ti gbó tán, jẹ́ kí wọ́n wá ra òmíràn lọ́wọ́ ọmọ mi."

Orí rẹ̀ ń mì lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ni. Ó ní, "Àmín, Mọ́mì. Àmín o jàre."

Ohun tí mò ń gbà lóṣooṣù títí dòní nìyẹn. Ó ṣì wà níbi iṣẹ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá Ọlọ́run ń gba irú rẹ̀. Mi ò bi pásítọ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ fún wa ibi tí àwọn nǹkan náà dé. Nígbà míì tí wọ́n bá ń fi ogun hàn lórí tẹlifíṣàn, bàbá rẹ á dìde lọ sí basement, èmi á ní kí o yí i sí ibòmíràn. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń bi mí léèrè sílíńdà. Mo sọ fún wọn pé irú èyí tí ó ń ṣe kì í ṣe ti inú ilé.

Ó tó. Gbé fóònù yẹn kalẹ̀, kí o sì tẹ orí sílẹ̀. Ìdajì kejì ló kù, èmi kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ìdajì orí mọ́.